Ọ̀rọ̀ Fèrèsé Inú Ọkọ̀ Ojú Omi

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ láti orí àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú yẹn, lẹ́bàá ilẹ̀kùn, níbi tí o mọ̀ pé mo máa ń jókòó sí tí mo bá fẹ́ kọ nǹkan. Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Ṣé ọkọ rẹ àtàwọn ọmọ wà lálàáfíà? Ọba tí kì í tòògbé yóò máa ṣọ́ gbogbo yín, ohun tí ẹ bá dáwọ́ lé yóò máa yọrí sí rere, a ò ní gbúròó yín ní búburú. Àwa náà wà. Òrùlé ẹ̀yìnkùlé jò, mo ti dí i. Ewúrẹ́ bí méjì, ọ̀kan ń yarọ. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, ó jókòó síwájú mi níbí, ó ń ká aṣọ. Ìròyìn ilé ti parí, ó wá ku ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi.

Fọ́ọ̀mù tí o fi ránṣẹ́ dé. Tísà tó ń gbé lẹ́yìn ilé wa ló gbà á sórí fóònù rẹ̀, tó sì bá wa tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Mo kà á pé ìwọ àti ọkọ rẹ ti sanwó kí èmi àti ìyá rẹ lè lọ fi ọjọ́ méje gbádùn ara wa lórí òkun, àti pé ohun tó kù ni kí á sọ ibi tí a fẹ́ kí yàrá wa wà nínú ọkọ̀. A dúpẹ́, a tún ọpẹ́ dá. Ṣùgbọ́n o mọ̀ pé ogójì ọdún ni mo fi ṣe iṣẹ́ bíríkìlà, mi ò lè fọwọ́ sí yàrá tí mi ò tíì yẹ̀ wò.

Mo wo àwòrán ọkọ̀ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àjà mẹ́wàá ni mo kà, yàrá lórí yàrá, síbẹ̀ mi ò rí ìpìlẹ̀. Mo yí bébà padà, kò sí ìpìlẹ̀ lẹ́yìn náà. Jọ̀ọ́, bá mi bi wọ́n pé ta ló bá wọn kọ́ ọ, àti pé àpò sìmẹ́ǹtì mélòó ló lò nísàlẹ̀, nítorí ilé alájà mẹ́wàá tí wọ́n kàn gbé ka omi báyìí, ó yẹ kí èèyàn béèrè kó tó gbé àpótí wọ̀ ọ́. Tísà tún ní kí n fi ìka méjì fẹ àwòrán yàrá náà lójú fóònù. Mo fẹ̀ ẹ́, ó tóbi sí i lóòótọ́. Mo tún fẹ̀ ẹ́, ó tún tóbi. Mo sáré mú téèpù mi, mo wọ̀n ọ́n kó tó súnkì, mo sì ti kọ ìwọ̀n náà sẹ́yìn fọ́ọ̀mù. Èyí tí mo fẹ̀ tán yẹn ni kí wọ́n fún wa o. Wọ́n tún béèrè bóyá bẹ́ẹ̀dì kan la fẹ́ àbí méjì. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọ̀kan ni, ọmọ mẹ́rin sì ni ẹ̀rí. Tísà ní wọn ò béèrè ẹ̀rí, mo ní kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò wúwo.

Ibi tí yàrá máa wà ló fa àríyànjiyàn. Èmi fẹ́ iwájú, torí pé mi ò tíì rí ibi tí wọ́n ti ń fi baálé ilé sẹ́yìn. Awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ní ojúlé kejì gbà pẹ̀lú mi, ó ní ọkọ̀ ni ọkọ̀ ń jẹ́, kí á sún mọ́ ẹni tó ń wà á, pé tó bá fẹ́ bẹ́ sílẹ̀ a ó tètè mọ̀. Ìyá rẹ ní kí á má gbàgbé pé èébì máa ń gbé òun nínú mọ́tò, áńbọ̀sìbọ́sí orí omi. Mo wá gbé pákó gígùn kan lé búlọ́ọ̀kù, mo ń tẹ̀ ẹ́. Orí méjèèjì ń lọ sókè sódò, àárín kò fẹ́rẹ̀ẹ́ mì. Ọ̀rọ̀ parí níyẹn, àárín la mú. A sì gbọ́ ìkìlọ̀ rẹ pé kí á má mú yàrá tó wà lábẹ́ gbọ̀ngàn ijó. Èmi ò mọ irú bíríkìlà tó ń kọ́ gbọ̀ngàn ijó lé àgbàlagbà lórí.

Ó wá ku fèrèsé. O ṣàlàyé pé oríṣi mẹ́ta ni: yàrá inú tí kò ní fèrèsé rárá, èyí tó ní fèrèsé tí kì í ṣí, àti èyí tó ní bákónì. Mo ní yàrá inú ni kí á mú. Mo ti ri fèrèsé sára ògiri tó pọ̀, mo mọ̀ pé ibẹ̀ lòjò ń gbà wọlé, èyí tó wá kọjú sí òkun fúnra rẹ̀ ńkọ́? Fèrèsé tí kò sì ṣeé ṣí, ògiri tó ń purọ́ ni. Ìyá rẹ ní rárá. Ó ní òun ò ní ti ilé òun lọ sùn sí sítọ́ọ̀ orí omi. Ó ní ọgbọ̀n ọdún lòun fi ránṣọ tí òun kọjú sí ògiri, kí n jẹ́ kí òun rí ìta lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Èmi ni mo kọ́ ilé yìí, èmi náà ni mo gbàgbé fèrèsé yàrá ìránṣọ rẹ̀. Gbogbo ọdún ni mo ń sọ pé màá lu ihò rẹ̀, n kò lu ú.

Kí ìjà má baà pẹ́, mo ṣe ohun tí a máa ń ṣe lẹ́nu iṣẹ́ wa tí onílé kò bá mọ ohun tó ń fẹ́. Mo kan èèkàn mọ́ àgbàlá ní ìwọ̀n yàrá ọkọ̀ náà, mo na okùn funfun yí i ká, mo fi ẹní ṣe bẹ́ẹ̀dì, mo fi búlọ́ọ̀kù méjì ṣe fèrèsé, mo sì ta aṣọ pupa lé e lórí. Ọ̀sán gangan ni. Mo ní kí ìyá rẹ wọlé. Ó fẹsẹ̀ kọ okùn lẹ́nu ọ̀nà. Mo rò pé bàtà rẹ̀ ni. Ó tún kọ okùn ẹ̀gbẹ́ kejì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Mo ní kó fi fèrèsé hàn mí, ògiri balùwẹ̀ ló nawọ́ sí. Mo ní kó wo aṣọ pupa, ó ní aṣọ wo. Ó ní oòrùn ló pa òun lójú, ó sì wọlé lọ.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣọ́ ọ. Ó ti da aṣọ bo ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò, ó ní ó ti sú òun. Kì í kí awakọ̀ mọ́ àfi tí ìyẹn bá kọ́kọ́ wúkọ́. Àwọn lẹ́tà rẹ, ó máa ń ní kí n kà wọ́n sókè, pé ọwọ́ òun kò dilẹ̀. Mo béèrè lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kí n yéé yọ òun lẹ́nu, pé tí n bá sọ ìsọkúsọ fún ọ, o máa ní kí á má lọ sórí òkun mọ́. Ohun tó ń bà á lẹ́rù nìyẹn.

Mo lọ bá nọ́ọ̀sì. Mo ní ìyàwó ọ̀rẹ́ mi kan ni. Ó bi mí pé ìyàwó ọ̀rẹ́ mi yìí, ṣé kì í ṣe ẹni tó rán yúnífọ́ọ̀mù tí òun nọ́ọ̀sì wọ̀ ni. Ó ní ó lè jẹ́ awọ ló bo ẹyinjú, pé àwọn dókítà wà lọ́dọ̀ yín níbẹ̀ tí wọ́n ń bá èèyàn ṣí i, ṣùgbọ́n kí á má fi falẹ̀, nítorí àìsàn ojú mìíràn wà tó jẹ́ pé tó bá pẹ́, kò sí àtúnṣe mọ́. Ẹ̀rù bà mí, ọmọ mi. Mi ò sun oorun dáadáa láti ìgbà náà.

Nítorí náà, yàrá inú ni kí o mú, láàárín ọkọ̀, lẹ́bàá àtẹ̀gùn. Owó tí o fẹ́ fi kún un torí fèrèsé, dókítà ojú ni kí o kó o fún. Ìwọ lo kọ ọ́ pé òkè ọkọ̀ ṣí sílẹ̀, pé ẹnikẹ́ni lè gòkè lọ wo òkun lọ́fẹ̀ẹ́. Tí ojú rẹ̀ bá là, èmi ni n ó fà á lọ́wọ́ lọ síbẹ̀. Fi owó mọ́tò ẹni méjì ránṣẹ́ kí á fi wá bá ọ níbẹ̀, kí o fi díẹ̀ sí i fún bàtà mi, èyí tó wà ń wo ilẹ̀. Kí o sì kọ lẹ́tà sí ìyá rẹ pé àwọn ọlọ́kọ̀ ní àwọn kì í fún ẹnikẹ́ni ní fèrèsé tí dókítà kò bá yẹ ojú rẹ̀ wò. Èmi ni n ó kà á fún un. Torí fèrèsé yẹn, ó máa tẹ̀ lé mi wá.

O mọ àṣà wa. Láti ọjọ́ tí o ti fi ilé sílẹ̀, lẹ́tà mi kan kò jáde níbí kí ìyá rẹ má kọ́kọ́ kà á, kó sì fi bírò pupa fa ilà sí gbogbo ibi tí mo bá ṣì kọ. Èyí náà, n ó fún un bí mo bá ti parí. Tó bá rí i kà, yóò ya á, a ó jà, n ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run ní gbogbo àsìkò ìjà náà. Lẹ́tà mìíràn ni o máa rí gbà, fèrèsé á sì wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ èyí ló dé ọwọ́ rẹ, o ti mọ̀ nìyẹn.

Ojú rẹ kò ní ṣú nígbà tó yẹ kí o ríran. Ohun tí o ṣe fún wa, àwọn ọmọ rẹ yóò ṣe é fún ọ, ìwọ náà yóò sì wà láyé láti fi ojú ara rẹ rí i.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.

Mo tún un ṣí. Mo ti fún un. Ó gbé e sún mọ́ ojú, ó ṣí bébà kọ̀ọ̀kan, ó fara balẹ̀. Ó ní mo gbìyànjú, pé lọ́tẹ̀ yìí òun ò rí àṣìṣe kankan. Ó ní kí n fi kún un pé fèrèsé wa, ẹ̀gbẹ́ ibi tí oòrùn ti ń yọ ni kí o bá òun mú.