Ìlú Tí Kì Í Jẹ́ Kí Ọmọ Mi Sinmi

Dúdúyẹmí ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Iṣẹ́ ńkọ́? Ẹni tí ẹ jọ ń gbé yàrá ńkọ́, ṣé ó ti ń fọ abọ́ tó bá jẹun tán? Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́, ó kàn rẹ̀ wá ni. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, ó ní ìbàdí òun ti ń gbọ́ràn díẹ̀díẹ̀. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká sunkún ara wa o. Fara da ìwé mi, ojú yìí ló jẹ́ kí n máa kọ ọ́ gàdàgbà-gàdàgbà bí ẹni ń kọ nọ́ńbà sára ilẹ̀kùn.

Mo rí fọ́tò ilé gogoro tí o kọ́ sí ìlú rẹ yẹn. Ìyá rẹ gbé fóònù sún mọ́ mi títí imú mi fi kàn án. O kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ogójì ọdún ni mo fi ṣe bíríkìlà, mi ò sì ní purọ́ fún ọ: mi ò rí ohun tó gbé búlọ́ọ̀kù dúró lórí fèrèsé kankan, o sì tún ní ọjọ́ kan ṣoṣo lẹ fi gbé e dókè. Ìgbà wo ni sìmẹ́ǹtì wá gbẹ? Ṣé bí mo ṣe kọ́ ọ nìyẹn? Ẹ tètè fi igi tì í lẹ́yìn kí òjò tó dé.

Ọ̀rọ̀ ojú mi ni mo tìtorí ẹ̀ kọ̀wé. Dókítà ní awọ tó bo ojú ọ̀tún gbọ́dọ̀ kúrò, ó fún mi ní fọ́ọ̀mù, ó ní kí ọmọ mi buwọ́ lù ú, kó sì jókòó tì mí, torí tòsì ò ríran mọ́, bí wọ́n bá ti di tọ̀tún, mo di afọ́jú dọjọ́ kejì nìyẹn. Ìyá rẹ ò lè gun àtẹ̀gùn ilé ìwòsàn. Ìwọ ní o ò lè wá ní Sátidé tí wọ́n kọ́kọ́ dá, pé àwọn ọ̀tá fẹ́ gbógun ti ìlú yín, ìwọ sì ni olórí. Mo gba tìẹ rò. Mo lọ ṣàlàyé fún dókítà pé ogun wà ní ìlú ọmọ mi. Ó béèrè ìlú wo, mo ní mi ò mọ orúkọ ẹ̀. Ó wò mí títí, ó sún ọjọ́ náà síwájú. Nígbà tí ọjọ́ tuntun tó dá náà pé, o ní o fẹ́ parí ìjà ilẹ̀ láàárín onígẹdú àti alágbẹ̀dẹ, pé bí o bá fi wọ́n sílẹ̀ ìlú á pín sí méjì. Mo tún padà lọ bẹ̀ wọ́n. Nọ́ọ̀sì ní ọmọ mi kàn ń tàn mí ni. Inú bí mi.

Ó yé mi ìdí tí o fi fẹ́ràn ibẹ̀. Ní ọ́fíìsì tí o ti ń pín lẹ́tà, ọdún kẹta rèé, ọ̀gá yín ò tíì mọ orúkọ rẹ. Ní ìlú yẹn, ẹ̀yin ará ìlú lẹ fọwọ́ ara yín ṣòfin, ẹ̀yin lẹ dá ọjà sílẹ̀, igba èèyàn ló sì ní àfi ìwọ. Ta ni ò ní fẹ́? Ṣùgbọ́n o ní bí o bá sùn, ìlú ò sùn, bí o bá lọ jẹun, wọ́n lè jà yín lólè. Ọmọ mi, mi ò ṣiṣẹ́ níbì kan rí tí a kì í káṣẹ́ nílẹ̀ bó bá di ìrọ̀lẹ́. Mo gbọ́ ohùn rẹ lórí fóònù, ó rẹ̀ ọ́ ju èmi lọ.

Lánàá, ọmọ télọ̀ ojúlé kejì sọ fún wa pé inú fóònù ni gbogbo ìlú náà wà, pé eré ni, pé kò sí búlọ́ọ̀kù kan níbẹ̀ tí ọwọ́ lè bà. Ìyá rẹ dìde, ó wọlé lọ. Èmi ní irọ́ ni. Mo ní, “Bó bá jẹ́ eré ni, ọmọ mi ìbá ti wá.”

Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n dá báyìí, dókítà ní òun ò lè sún un mọ́, ojú náà ò ní dúró dè wá. Jọ̀ọ́, fi owó oògùn ojú ránṣẹ́, kí o sì mú owó ọkọ̀ tìẹ lọ́wọ́. Bí ogun bá tún dé, tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn ará ìlú rẹ, sọ fún wọn pé wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún bàbá olórí. Bí èèyàn bá ni wọ́n, wọ́n á ní kí o máa lọ.

Wàá dàgbà, wàá dogbó, ọmọ tìẹ náà á jókòó tì ọ́.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.