Ògiri Tó Tẹ̀ Díẹ̀

Ọjọ́bọ̀, oṣù Ẹ̀rẹ̀nà

Inú bí mi nígbà tí mo ti ilé ìwé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ dé. Bàbá ti mọ ìpele kejì lé ògiri ilé mi. Ìpele àkọ́kọ́ yẹn tẹ̀! Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti wó o tí mo sì tún un mọ, torí kò tọ́ bí okùn ìwọ̀n tí wọ́n kọ́ mi láti máa ta sí ògiri ní míṣọ́n.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n wó o."

"Òjò ti ń ṣú. Ṣé abẹ́ okùn lo máa sùn?"

Mo fọwọ́ kan amọ̀ tútù náà. Gbogbo ìka Bàbá ló hàn lára rẹ̀, títí kan ìdajì èyí tí àdá gé.

Ó ṣì tẹ̀ lójú mi, ṣùgbọ́n mo ti ń pè é ní ilé.

Okùn ìwọ̀n ni mo fi so ewúrẹ́ Ìyá ní ìrọ̀lẹ́ yìí.