Màámi Ń Múra Sàráà fún Bàálù Tí Mo Ti Kọ̀

Admin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí orúkọ mi hàn. Màámi ń múra sàráà ọjọ́ Sunday, wọ́n fẹ́ fi dúpẹ́ pé ibi iṣẹ́ mi fẹ́ gbé mi lọ sórí bàálù ńlá... èmi sì ti wọlé lọ bá ọ̀gá mi, mo ti sọ pé mi ò lọ. Mo ti kọ̀ ọ́. Ẹnì kankan ò fipá mú mi o, ara mi le, mi ò fìdí rẹmi nínú ìdánwò kankan, ẹnu ara mi ni mo fi kọ̀ ọ́. Ẹ̀wà àkàrà ti wà nílẹ̀, àlùfáà ti gbọ́ sí sàráà, gbogbo ẹgbẹ́ àsàlátù wọn ti gbọ́ sí i, ṣùgbọ́n Màámi ò tíì gbọ́ pé kò sí nǹkan tí àwọn ń dúpẹ́ lé lórí. Mo ti ń ka ìṣòro àwọn ẹlòmíì lórí page yìí tipẹ́, mo máa ń sọ pé irú àwọn èèyàn wo rèé... ó ti wá kàn mí báyìí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé kó lè yé yín. Pílọ́ọ̀tì ni mí, obìnrin. Mushin ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni Màámi ṣì wà, èmi ti háyà fúláàtì kékeré kan ní Àgùdà. Bàálù tí mo ń wà kì í ṣe irú èyí tí ẹ máa ń rí nínú fíìmù. Kékeré ni, pùròpẹ́là méjì ló ní, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, ó máa ń yí níta gbangba kí gbogbo ayé rí i. Òun la fi ń gbé èèyàn lọ sí Àkúrẹ́, Ìlọrin, Benin, àwọn ibi tí kò jìnnà. Màámi kì í pè é ní pùròpẹ́là. Bàálù oní-fáànù ni wọ́n ń pè é, tí wọ́n bá sì ti pe fáànù yẹn báyìí, wọ́n á fajú ro bí ẹni tó ṣèèṣì jẹ orógbó.

Ìdí ni pé fáànù ni bàbá mi ń tún ṣe nígbà ayé wọn, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí àlùjánnà. Iwájú ilé wa gan-an ni ṣọ́ọ̀bù wọn wà, gbogbo fáànù tó bá ti jóná ní àdúgbò, ọ̀dọ̀ Bàbá ni wọ́n ń gbé e wá. Màámi ní iṣẹ́ tiwọn o, síìpù àti bọ́tìnnì ni wọ́n ń tà fún àwọn télọ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó pè wọ́n ní Ìyá Oní-síìpù rí, Ìyá Oní-fáànù ni gbogbo èèyàn ń pè wọ́n. Àwa ọmọ náà, tí a bá ń lọ síléèwé, àwọn ẹgbẹ́ wa á máa pariwo pé ọmọ oní-fáànù, ooru ń mú wa o, wá fẹ́ wa. Bàbá kì í bínú. Èmi gan-an, kí n má purọ́, mo fẹ́ràn ṣọ́ọ̀bù yẹn ju ilé lọ. Tí Bàbá bá ti to fáànù tán, wọ́n á ní kí n fi ọwọ́ yí bíléèdì ẹ̀, kí n dẹ etí, kí n gbọ́ bóyá ó ń họ nǹkan nínú. Tí kò bá họ, wọ́n á ní ó ti yá nìyẹn. Ìgbà tí àìsàn wá dé, kò sówó, Bàbá lọ. Màámi ní afẹ́fẹ́ ni bàbá yín ń tà, afẹ́fẹ́ náà ló sì gbé e lọ. Màámi nìkan ló kù tó tọ́ wa. Mo rí scholarship fún iṣẹ́ pílọ́ọ̀tì lóòótọ́, ṣùgbọ́n síìpù àti bọ́tìnnì ni wọ́n fi gbé mi dé ibi tí scholarship ti rí mi.

Ọjọ́ tí Màámi kọ́kọ́ wá wò mí ní pápákọ̀ òfurufú, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló gbé wọn wá. Màámi wọ lẹ́ẹ̀sì, wọ́n wé gèlè, wọ́n dúró sẹ́yìn gíláàsì níbi tí èèyàn ti lè wo bàálù. Mi ò mọ̀ pé wọ́n ti dé. Èmi ń ṣe àyẹ̀wò tí a máa ń ṣe kí a tó gbéra, mo yí bàálù po, mo wò ó láti orí dé ìrù, mo wá gbé ọwọ́ lé bíléèdì pùròpẹ́là, mo yí i díẹ̀, mo dẹ etí sí i. Bí Bàbá ṣe máa ń ṣe gẹ́lẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní Màámi kàn ń wò mí. Nígbà tó yá, wọ́n ní kó gbé àwọn lọ sílé. Inú mọ́tò ni wọ́n ti la ẹnu, wọ́n ní, "Ṣé fáànù náà kọ́ nìyẹn?" Láti ọjọ́ yẹn ni Màámi ti búra pé àwọn ò ní wọ bàálù oní-fáànù láyé àwọn, pé ọjọ́ tí mo bá wa bàálù ńlá ni àwọn máa wọ bàálù fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin wà ní Ìlọrin. Títì ni Màámi ń gbà lọ kí wọn, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn wọ́n, pẹ̀lú gbogbo ewu ojú ọ̀nà... èmi ọmọ wọn ń fò kọjá lókè orí wọn lọ sí Ìlọrin kan náà.

Ẹ máa ní kí ló dé tí mi ò kúkú gba bàálù ńlá yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Níbi tí àwa pílọ́ọ̀tì ti máa ń jókòó de iṣẹ́, àríyànjiyàn kan wà níbẹ̀ tí kì í tán, ìyẹn ni pé bàálù wo ló dùn ún wà jù. Ẹnì kan á ní jẹ́ẹ̀tì ńlá tí kò ní pùròpẹ́là ni, pé tó bá ta gìrì lórí ilẹ̀, á tì ẹ́ mọ́ ìjókòó bíi pé ó ń bá ẹ jà. Ẹlòmíì á ní èyí tí kọ̀ǹpútà ẹ̀ gbọ́n ni, tí èèyàn á kàn jókòó tí á máa mu tíì. Captain àgbà kan wà lọ́dọ̀ wa, wọ́n ti fi bàálù ràgàjì gbé àwọn tó ń ṣe Hájì lọ sí Mẹ́kà fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n ní kò sí èyí tó dà bíi bàálù kékeré oníjòkòó méjì tí àwọn fi kọ́ṣẹ́, torí pé tó o bá ṣàṣìṣe, á dárí jì ẹ́. Kálukú ló ní tiẹ̀. Tèmi ni oní-fáànù. Ọwọ́ mi àti ẹsẹ̀ mi ni mo fi ń wà á. Tí atẹ́gùn bá gbá a, ara mi á ti gbọ́ kí ẹ̀rọ kankan tó sọ fún mi. Tí mo bá ní kó fi agbára kún un, á dáhùn lójú ẹsẹ̀, kì í rò ó. Kì í gòkè jù, torí náà mo máa ń rí ilẹ̀ dáadáa... mo máa ń rí èéfín ẹja lókè Makoko láàárọ̀, mo máa ń rí oko ẹ̀gẹ́ lọ́nà Àkúrẹ́, mo máa ń rí àwọn páànù Mushin tó ti dípẹtà, mo sì máa ń wá tiwa láàárín wọn. Tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra, tí pùròpẹ́là méjèèjì ò tíì jọ ń yí bákan náà, ó máa ń ké wọ̀ọ̀... wọ̀ọ̀... wọ̀ọ̀, tí wọ́n bá wá bára mu, ohùn méjèèjì á di ẹyọ kan, ara mi á sì rọ̀ pẹ̀sẹ̀. Kò sí ibòmíì tí ara mi ti ń rọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí Bàbá ti kú. Wọ́n ti ní kí n jókòó sínú ẹ̀rọ ìdánrawò jẹ́ẹ̀tì. Ó dáa, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Ó tutù, ó dákẹ́, ó dà bíi pé mo jókòó sí báńkì. Mo ṣe é yege, mo jáde, mo wọ tọ́yílẹ́ẹ̀tì lọ sunkún.

Nígbà tí ọ̀gá wa pè mí pé wọ́n ti mú mi fún jẹ́ẹ̀tì, ẹnu mi ò gba ọ̀rọ̀ dúró, mo pe ẹ̀gbọ́n mi. Ibẹ̀ ni mo ti bà á jẹ́. Kí n tó dé Mushin, Màámi ti gbọ́, wọ́n ti forí kanlẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù síìpù, wọ́n ti ránṣẹ́ sí gbogbo àsàlátù. Àlájà kan wà láàárín wọn tó máa ń bi Màámi níwájú èèyàn pé ṣé ọmọ ẹ ṣì ń wa mólúè ojú ọ̀run. Àlájà yẹn ni Màámi kọ́kọ́ pè. Mo wọlé, Màámi dì mọ́ mi, wọ́n ní, "Ó tán. A ti bọ́ lábẹ́ fáànù." Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ̀rọ̀ níbẹ̀? Mo ṣe àmín. Àmín gan-an ni mo ṣe! Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni mo padà lọ bá ọ̀gá wa pé mi ò lọ, kí wọ́n gbé e fún ẹlòmíì. Wọ́n wò mí bí ẹni tí oòrùn ti pa jù. Wọ́n ní àwọn ò tíì ní kọ ọ́ sílẹ̀, kí n lọ rò ó títí di Monday. Sàráà Sunday, ìdáhùn Monday... ṣé ẹ rí ayé mi?

Ẹ̀gbọ́n mi mọ̀. Wọ́n bínú, wọ́n ní èèyàn kì í fi ìfẹ́ bàálù sebẹ̀, pé kí n gba jẹ́ẹ̀tì, owó á gbé pẹ́ẹ́lí, Màámi á sinmi. Nígbà tí wọ́n rí i pé mi ò gbà, wọ́n ní ó dáa, kí n má sọ nǹkan kan, pé Màámi ò mọ ìyàtọ̀ láàárín bàálù méjèèjì. Màámi tó dá fáànù mọ̀ láti ẹ̀yìn gíláàsì! Màámi tó ti ń wá bàtà tí wọ́n máa wọ̀ tí wọ́n bá ń bá bàálù ńlá lọ Ìlọrin! Captain àgbà yẹn ní tiwọn rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n gbà á jàre, pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló fẹ́ràn ọ̀kan tó ń bá òmíì gbélé, ilé sì tòrò. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo délé, mi ò lè jẹun.

Ṣé ìwà ọmọdé ni mò ń hù? Ṣé Bàbá ni mo ṣì ń wá kiri tí mò ń pè é ní ìfẹ́ bàálù? Ìgbà míì mo máa ń rò ó pé Màámi pọ̀n mí kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù fáànù Bàbá, èmi wá sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn wọn, mo sáré padà wọlé. Tí wọ́n bá gbọ́, wọ́n máa rò pé láàárín àwọn àti Bàbá, Bàbá ni mo mú. Wàláì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára wọn, ojú á tì wọ́n níwájú Àlájà yẹn, gbogbo àsàlátù á máa wò wọ́n. Ṣùgbọ́n tí mo bá lọ gba jẹ́ẹ̀tì nítorí wọn, ṣé mi ò ní máa bínú sí ìyá mi lábẹ́lẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí mo bá jókòó sínú ẹ̀? Èwo ló burú jù nínú méjèèjì? Honestly, ó ti sú mi.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé sí yín gan-an ṣẹlẹ̀ lánàá. Mo lọ sí Mushin lọ́sàn-án, mo ti pinnu pé mo máa sọ ọ́. Oorun ti gbé Màámi níbi tí wọ́n ti ń ṣa ẹ̀wà sàráà, abọ́ ẹ̀wà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn lórí bẹ́ẹ̀dì. Fáànù ń fẹ́ wọn. Kì í ṣe èyí tí mo rà fún wọn o, ìyẹn ṣì wà nínú páálí ẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo rí i pẹ̀lú ojú mi. Fáànù tí Bàbá tò fún wọn ni, tí bíléèdì ẹ̀ kan pupa tí àwọn tó kù funfun, torí ara fáànù míì ni Bàbá ti yọ ọ́. Ṣé ẹ mọ̀ pé Màámi ti sọ fún mi tipẹ́ pé àwọn ti gbé fáànù yẹn fún àwọn tó ń ra àlòkù irin? Ó wà níbẹ̀, ó ń ké wọ̀ọ̀... wọ̀ọ̀... Mo jókòó, mò ń to ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ. Wọ́n wá mú iná. Fáànù rọra ń dúró. Ẹ gbọ́, gbogbo ariwo àdúgbò yẹn, ọmọdé, jẹnẹrétọ̀, ẹni tó ń ta oògùn eku pẹ̀lú gbohùngbohùn, kò jí Màámi. Ìgbà tí fáànù yẹn dákẹ́ ni wọ́n lajú. Wọn ò rí mi. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n fi ìka yí bíléèdì pupa yẹn díẹ̀, wọ́n dẹ etí sí i.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n tó rí mi. Wọ́n yára gbé ọwọ́ kúrò, wọ́n ní tuntun tí mo rà yẹn, ariwo ẹ̀ ti pọ̀ jù, ìdí nìyẹn tí àwọn fi gbé e sílẹ̀. Tuntun tí wọn ò tíì já páálí ẹ̀! Mo kí wọn kú ìsinmi, mo sún mọ́ wọn, mo bá wọn ṣa ẹ̀wà tó kù.

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n sọ fún wọn kí epo àkàrà tó gbóná, àbí kí n jẹ́ kí wọ́n jẹ ayọ̀ Sunday tán ná? Ṣé kí n dákẹ́, kí n lọ gba jẹ́ẹ̀tì ní Monday? Àbí kí n kàn mú Màámi lọ́wọ́ lọ sí ìdí bàálù mi, kí n gbé ọwọ́ wọn lé bíléèdì yẹn, kí n ní Màámi, ẹ bá mi yí i, ẹ gbọ́ bóyá ó ń họ? Ṣé wọ́n máa yí i, àbí wọ́n máa gbá mi létí? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ìyá, ẹ bá mi dá sí i, ẹ̀wà ti wà nínú omi.