Kọ̀ǹpútà Tó Dojú Dé Lórí Tábìlì

Nourou, má tíì tan kọ̀ǹpútà rẹ o! Hàntú olóyin, omi àdúà tí Màmá gbà lọ́dọ̀ Alfa, pé kí o mu kí o tó lọ ṣe soutenance, tí o máa gbèjà iṣẹ́ ìwádìí rẹ níwájú àwọn olùkọ́, lÁlàmísì, èmi ni mo fi ìgúnpá gbá a dà sáàárín bọ́tìnnì ẹ̀ láàárọ̀ yìí. Má bínú. Ojú ẹsẹ̀ ni mo pa á, mo yọ bátìrì, mo sì fi òwú àti sípíríìtì nu gbogbo oyin náà kúrò. Jẹ́ kó dojú dé bẹ́ẹ̀ di ọ̀la, á ṣiṣẹ́. Má fi ẹ̀rọ tí mo fi ń mú irun gbẹ fẹ́ ẹ, bọ́tìnnì á yọ́.

Kí Màmá tó lọ sí àdúgbò Commerce, ó rí ife tó ṣófo, ó ní àdúà ti wọ̀ ọ́ lára. Mi ò lè sọ fún un pé kọ̀ǹpútà ló mu ún.

Raïssa, ẹ̀gbọ́n rẹ