Ọmọ Tí Mo Jù Sókè Nínú Fíìmù Akẹ́kọ̀ọ́ Yín

Ojúlé Kẹtàlá,
Òpópónà Alága Ṣàíbù,
Mushin,
Èkó.

Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹta, Ọdún 1993.

Olórí Ẹ̀ka Ẹ̀kọ́ Eré àti Fíìmù,
Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìmọ́lẹ̀ fún Iṣẹ́ Ọnà,
Yaba,
Èkó.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ẸJỌ́ LÓRÍ FÍÌMÙ “ÌWẸ̀ ÌKẸYÌN” ÀTI BÍ Ó ṢE SỌ ẸNI TÍ Ń WẸ ỌMỌ DI ÀJẸ́

1. Mo kí yín, mo sì kí iṣẹ́. Orúkọ mi ni Alhaja Àmúdàtù Ṣítù. Opó ni mí, ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin, Mushin ni mo sì ti ń wẹ ọmọ tuntun láti ọdún 1951. Ọkọ mi, tí ó ṣe akọ̀wé rélùwéè ní Ìdó títí ó fi fẹ̀yìn tì, ni ó kọ́ mi pé bí ènìyàn bá ń kọ̀wé sí ọ̀gá, kí ó fi nọ́ńbà sí ọ̀rọ̀ rẹ̀, nítorí ọ̀gá kì í ráyè ka ohun tí kò bá ní nọ́ńbà. Mo ti fi nọ́ńbà sí i.

2. Bí ẹ bá ti wo fíìmù ẹ̀rù tí akẹ́kọ̀ọ́ yín ṣe, ẹ ti rí mi. Èmi ni ìyá àgbà tí ó ju ọmọ sókè, tí ọmọ náà kò sì sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ọmọ náà sọ̀ kalẹ̀. Ọwọ́ mi ni ó bọ́ sí, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

3. Bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ní oṣù kẹjọ ọdún tó kọjá, akẹ́kọ̀ọ́ yín, Ṣùbòmí Ọládèjì, gbé kámẹ́rà wá bá mi nílé. N kò lè ní n kò mọ̀ ọ́n rí. Àdúgbò wa ni wọ́n bí i sí kí àwọn òbí rẹ̀ tó kó lọ sí Surulere, èmi ni mo sì wẹ̀ ẹ́ fún ogójì ọjọ́. Orí rẹ̀ gùn ṣọnṣọ nígbà náà. Omi gbígbóná àti ọwọ́ mi ni ó sọ ọ́ di orí tí ènìyàn lè dé fìlà sí. Nítorí náà, orí tí ó fi ronú kan fíìmù yìí, mo ní ìpín nínú rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ ya àwòrán bí a ṣe ń wẹ ọmọ nílẹ̀ Yorùbá, kí àṣà náà má bàa parun. Inú mi dùn. Mo ní kí Ameenah, tí a jọ ń gbé inú ilé kan náà, gbé ọmọ rẹ̀ olóṣù méjì wá.

4. Mo wẹ ọmọ náà bí ó ti yẹ. Mo fi kàn-ìn-kàn-ìn àti ọṣẹ dúdú bó o, mo fi àdín àgbọn pa á lára, mo na apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀, mo sì jù ú sókè lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀yin Ọ̀gá, bóyá nọ́ọ̀sì ni ó wẹ̀ yín, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé: a máa ń ju ọmọ sókè kí ó má bàa jẹ́ ojo. Ohun tí a fi ń lé ẹ̀rù kúrò lára ọmọ ni. Bí mo ti ń jù ú ni mo ń ṣe bisimilláhì lábẹ́lẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìyá mi ti kọ́ mi. Ṣùbòmí wá ní kí wọ́n gbé iná sí abẹ́ àgbọ̀n mi. Mo bi í pé kí ni ìdí, ó ní iná tí ó bá ti ìsàlẹ̀ wá máa ń mú kí awọ ojú jọ̀lọ̀. Mo gbà á gbọ́. Obìnrin tí ó bá ti lé ní ọgọ́ta ọdún yóò gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́.

5. Ní ìparí oṣù kìíní ọdún yìí, ó mú kásẹ́ẹ̀tì wá fún mi. Ẹ̀bi tèmi wà níbí, n kò ní fi pamọ́: n kò kọ́kọ́ dá a wò. Mo ránṣẹ́ pe gbogbo ẹgbẹ́ àsàlátù wa, obìnrin mẹ́rìndínlógún, pé kí wọ́n wá wo bí mo ṣe di òṣèré. Mo ra mínírà fún wọn. Mo fi Caroline, ìyàwó Tìrìmísíyù ọmọ mi kan ṣoṣo, jókòó sí iwájú pátápátá lórí àga onítìmùtìmù. Nọ́ọ̀sì ni Caroline, Ìdí-Àràbà ni wọ́n ń gbé. Oyún rẹ̀ ti pé oṣù mẹ́jọ nígbà náà, mo sì fẹ́ kí ó fojú ara rẹ̀ rí bí n ó ṣe máa wẹ ọmọ rẹ̀.

6. Ohun tí a rí nìyí. Wọ́n ti yọ ohùn mi kúrò, ẹnu mi nìkan ni ó ń mì, bí ẹni pé ọfọ̀ ni mo ń pè. Wọ́n fa àwòrán náà títí ọwọ́ mi fi ń rìn bí ìgbín. Ọmọ lọ sókè, ológbò ké, iná kú. Nígbà tí iná tàn, ọwọ́ mi ṣófo, mo sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀yin Ọ̀gá, ẹ̀rín tí mo rín sí Ameenah ni, nígbà tí mo ti dá ọmọ rẹ̀ padà fún un! Kò sí ẹni tí ó mu mínírà mọ́. Obìnrin mẹ́rìndínlógún yíjú sí mi lẹ́ẹ̀kan náà, Caroline sì fi ọwọ́ méjèèjì bo ikùn rẹ̀. N kò ní purọ́ mọ́ Ṣùbòmí, ọmọ náà mọ iṣẹ́. Èmi fúnra mi bẹ̀rù ara mi.

7. Lẹ́yìn ìyẹn, mo wo fíìmù náà lẹ́ẹ̀mẹrin pẹ̀lú bírò lọ́wọ́. Ènìyàn mọ́kànlá ni ó wà nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ Yaba mẹ́ta wà níbẹ̀, gbogbo wọn ló lo gíláàsì ojú, wọ́n ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì kan, wọ́n sì ṣẹ́gun. Àwọn ọmọ Mushin méjì wà níbẹ̀, ibojì ni wọ́n ń hú. Ọlọ́dẹ Haúsá kan wà níbẹ̀, òun ni ó kọ́kọ́ kú, kò sọ̀rọ̀, kò sì ní orúkọ. Ó wá ku obìnrin márùn-ún. Mẹ́ta jẹ́ àjẹ́, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nìkan ni a sì lo ìbòrí nínú gbogbo fíìmù náà. Ìkẹrin kígbe, ó dákú. Ìkarùn-ún kú nítorí pé ó lọ wo ohun tí ó dún ní ẹ̀yìnkùlé. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Yaba náà lọ wo ohun kan náà ní ẹ̀yìnkùlé kan náà, wọ́n sì pe tirẹ̀ ní akin.

8. Mo ti ń gbé Mushin láti ọdún méjìlélógójì, n kò tíì rí ẹni tí ó hú ibojì. Òkú tiwa, ọjọ́ tí ó bá kú náà ni a ń sin ín. A kì í fún un láyè kí ó di ìwin. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀rù ni wọ́n ń wá, Yaba náà ní tirẹ̀. Kí wọ́n ya onílé nígbà tí ọdún bá ń parí, tàbí olùkọ́ tí ó ń ka máàkì sétígbọ̀ọ́ gbogbo kíláàsì. Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni mo fi sọ èyí.

9. Mo ránṣẹ́ pe Ṣùbòmí. Ó wá, ó dọ̀bálẹ̀, ó sì pẹ́ nílẹ̀. Mo bi í léèrè ohun tí mo ṣe fún un. Ó ní, “Màmá, ẹ má bínú. Tí kò bá sí ìyá àgbà nínú rẹ̀, àwọn èèyàn ò ní mọ̀ pé fíìmù ẹ̀rù ni.” Ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́ àwọn ní kíláàsì, pé ohun tí ará ìlú ti ń bẹ̀rù tẹ́lẹ̀ ni kí àwọn lò, kí iṣẹ́ lè yá. Ó ní máàkì méjìdínlọ́gọ́rin ni ẹ fún òun. Ìdí nìyí tí mo fi kọ̀wé sí yín, tí n kò fi lọ fi ẹjọ́ sun ìyá rẹ̀.

10. Ẹ lè sọ pé fíìmù lásán ni. Aboyún mẹ́rin ni ó ti bẹ̀ mí sílẹ̀ kí kásẹ́ẹ̀tì yìí tó jáde. Gbogbo wọn ti bímọ, kò sí èyí tí ó ránṣẹ́ pè mí. Mo gbé ọmọ Ameenah, tí ó ti ń rá kòrò báyìí, láti ojúlé dé ojúlé, kí wọ́n lè rí i pé ó wà láàyè. Obìnrin kan wò ó síwá sẹ́yìn, ó ní kì í ṣe òun; ó ní tinú fíìmù kò sanra tó báyìí.

11. Èyí kò dùn mí tó tilé. Ogúnjọ́ oṣù kejì ni Caroline bí ọmọkùnrin, a sì sọ ọ́ ní Abdussalam. Mo di ẹrù mi lọ sí Ìdí-Àràbà gẹ́gẹ́ bí ìyá ọkọ ti ń ṣe, mo gbé àdín àti kàn-ìn-kàn-ìn dání. Caroline kúnlẹ̀ kí mi, ó fi ọwọ́ méjèèjì gba ẹrù mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé omi kaná, ó ní, “Màmá, ẹ jókòó. Èmi ni màá wẹ̀ ẹ́.” Mo bi í bóyá ó gbà pé àjẹ́ ni mí. Ó bú sẹ́kún. Ó ní, “Mo mọ̀ pé fíìmù ni, Màmá. Ṣùgbọ́n mo rí i.” Ó dùn mí wọ egungun, ó sì ń dùn mí di bí mo ti ń kọ ìwé yìí. Tìrìmísíyù ń wo èmi, ó ń wo ìyàwó rẹ̀, ó sì ń lọ síbi iṣẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa.

12. Láràárọ̀, èmi ni mo ń di táwẹ̀lì mú nígbà tí Caroline bá ń wẹ ọmọ. Ó máa ń fi kíní kan wọn bí omi ti gbóná tó. Ìgbọ̀nwọ́ ni èmi fi ń wọ̀n ọ́n láti ọdún 1951 wá. Bí ó bá wẹ̀ ẹ́ tán, yóò gbé e lé mi lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti mira bí ẹni pé mo fẹ́ dìde, yóò na ọwọ́ gbà á. Kì í ṣe ọmọ burúkú. Ó ń pọ́n mi lé, ó sì ń fún mi ní ẹran tí ó tóbi jù nínú ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ni, ohun tí a bá kọ sílẹ̀ tí a sì fi òǹtẹ̀ lù ni ó ń gbà.

13. Nítorí náà mo ń bẹ̀ yín, mo sì ń béèrè:

Kí ẹ pàṣẹ fún Ṣùbòmí kí ó dá ibi tí ọmọ ti sọ̀ kalẹ̀ padà sínú fíìmù náà. Ó sọ fún mi pé ó ṣì wà nínú kásẹ́ẹ̀tì tí òun fi yà á.

Kí ẹ kọ̀wé sí Nọ́ọ̀sì Caroline Ṣítù, lórí ìwé kọ́lẹ́ẹ̀jì yín, kí ẹ fọwọ́ sí i, kí ẹ sì fi òǹtẹ̀ lù ú, pé Alhaja Àmúdàtù Ṣítù ju ọmọ kan sókè lẹ́ẹ̀mẹta níwájú kámẹ́rà yín, ọmọ náà sì sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

Bí wọ́n bá tún fẹ́ ṣe fíìmù ẹ̀rù mìíràn, kí ìyá àgbà inú rẹ̀ jẹ́ ẹni tí ó ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì náà, tí ó sì ṣẹ́gun. Kí wọ́n sì fún ọlọ́dẹ ní orúkọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ nínú máàkì Ṣùbòmí. Ó ṣiṣẹ́ fún un, èmi ni ẹlẹ́rìí rẹ̀.

14. Mo mọ̀ pé ìwé púpọ̀ ni ó ń wọ ọ́fíìsì yín, àti pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ń sùn sínú fáìlì. Ẹ má jẹ́ kí èyí sùn. Bí ó bá di ogójì ọjọ́, n ó di ẹrù mi padà sí Mushin, ìwẹ̀ ti parí nìyẹn. Abdussalam pé ọjọ́ mẹ́tàdínlógún lónìí, n kò sì tíì gbé e ní ìdúró.

Ẹ ṣé tí ẹ kà á dé ìsàlẹ̀.

Èmi ni tiyín ní òtítọ́,

Alhaja Àmúdàtù Ṣítù,
Ìyá Tìrìmísíyù, ìyá àgbà Abdussalam,
tí ó ń wẹ ọmọ ní Mushin láti ọdún 1951.