Pẹ́dàlì Tí Kò So Mọ́ Nǹkan Kan

                                        Agbo Ilé Onírẹ̀kẹ́,
                                        Ẹ̀yìn Ọjà-Ọba,
                                        Ìlọrin, Ìpínlẹ̀ Kwara.
                                        Ọjọ́ Kejìdínlógún, Oṣù Kejì, Ọdún 2025.

Màmúdù mi, ọ̀rẹ́ ìgbà ṣòkòtò péńpé,

Àlàáfíà Ọlọ́run kó máa bá ọ gbé nínú ilé rẹ ní Kàdúná. Lami ìyàwó rẹ ńkọ́? Ṣé orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún ti ń jẹ́ kó gun àtẹ̀gùn báyìí? Àwọn ọmọ ńkọ́, àti àwọn ọmọ ọmọ? Ìwọ náà ńkọ́? Ṣé ojú tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọ ti ń ríran dáadáa, àbí Lami ni yóò ka lẹ́tà yìí fún ọ? Bó bá jẹ́ òun ni, Lami, o kú ilé o. Má ṣe fo ibi tí mo ti bú ara mi, kà á ketekete. Ọyẹ́ ti lọ níbí, ooru ti gba ipò rẹ̀, ààwẹ̀ sì ti ń kanlẹ̀kùn. Ara mi le, Alhamdulillah, àfi eyín tí kò sí mọ́ àti oorun tí kì í tètè wá.

Màmúdù, mo ti rí òmùgọ̀ rí. Mo ṣe ọ̀gá ilé ìwé títí mo fi fẹ̀yìn tì, nítorí náà òmùgọ̀ kì í ṣe àjèjì sí mi. Ṣùgbọ́n òmùgọ̀ tó ní tábìlì, tó dé fìlà iṣẹ́, tó tún ní òǹtẹ̀ lọ́wọ́, ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo tó rí irú rẹ̀ délẹ̀délẹ̀. Èmi tí mo rò pé mo gbọ́n jù ú lọ ni mo sì tún wá gọ̀ jù ú lọ. Jẹ́ kí n rò ó fún ọ.

O rántí Zakari, àbúrò mi, ọmọ ìyá mi, tí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ mú ní ẹsẹ̀ méjèèjì nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́. Ó ń tún ẹ̀rọ ìlọta àti jẹnẹrétọ̀ ṣe ní ọjà Ipata, ìyàwó rẹ̀ Salimat sì ń ta ata gbígbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Bí wọn yóò ṣe dé ọjà ni ìyọnu wọn. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ Márúwá kì í fẹ́ gbé Zakari. Bí wọ́n bá ti rí i ní ilẹ̀ẹ́lẹ̀, wọn a ní ọkọ̀ àwọn ti kún, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹyọ èèyàn kan nínú rẹ̀. Ni Zakari bá ra egungun kẹ̀kẹ́ Márúwá kan tí iná ti jó. Ó fi ẹ́ńjìnnì alùpùpù sí i, ó sì tún un tò títí gbogbo nǹkan fi bọ́ sí ọwọ́. Irin gígùn kan wà lápá ọ̀tún rẹ̀. Bó bá ti fà á, táyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ gbé e wọ agbo ilé, mo ní àlejò. Mo ní kó wà á lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ó wà á lọ.

Oṣù tó kọjá ni àwọn tó ń mú ọkọ̀ lójú títì mú un, wọ́n ní kò ní nọ́ńbà. Wọ́n wọ́ ọkọ̀ náà lọ sí ọgbà kan tí wọ́n ti ń yẹ ọkọ̀ wò. Wọ́n ní bí wọn kò bá yẹ̀ ẹ́ wò kó yege kí ààwẹ̀ tó wọlé, àwọn yóò gé e tà fún àwọn onírin àlòkù. O mọ̀ pé àsìkò ààwẹ̀ ni ata ń tà jù. Salimat kò sunkún lójú mi, ṣùgbọ́n mo rí i pé ó ti ń bá àwọn alábàárù sọ̀rọ̀ nípa bí wọn yóò ṣe máa bá a kó ẹrù, ó sì ń padà wálé pẹ̀lú ojú tó rẹ̀.

Mo bá Zakari lọ sí ọgbà náà. Kò pè mí o. Èmi ni mo fi òwe ti ara mi lọ: àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọmọ tuntun tí mò ń wí yìí ti ní ọmọ ọmọ.

Nígbà tí a dé ibẹ̀, ọkọ̀ akẹ́rù kan tó kó iṣu ń wọ géètì bọ̀. Màmúdù, ọkọ̀ náà kò lè dá dúró! Ọmọ mọ́tò ló sáré fi igi há a ní táyà kó tó dúró. Ẹni tó ń yẹ ọkọ̀ wò, ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Táòfíkì, tí ikùn rẹ̀ máa ń ṣíwájú rẹ̀ wọlé, kò tilẹ̀ dìde lórí àga. Ó yọrí lójú fèrèsé, ó béèrè bóyá iná ọkọ̀ ń tàn. Awakọ̀ ní, "Ó ń tàn bí òṣùpá, ọ̀gá." Ó lu òǹtẹ̀. Ọmọ mọ́tò yọ igi rẹ̀, ìyẹn ni pé ó yọ bíréèkì, wọ́n sì bá tiwọn lọ.

Ó wá kan wa. Táòfíkì tọ́ka sí Zakari, èmi ló sì ń bi léèrè: "Bàbá, kí ló wá ṣe?"

Dípò kí n ní kó bi ẹni tó ni ọkọ̀, mo dáhùn. Mo ní ọkọ̀ rẹ̀ ló fẹ́ kí wọ́n yẹ̀ wò. Táòfíkì yí i po, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Bíréèkì ẹsẹ̀ ńkọ́?"

Zakari ní, "Ọ̀gá, ọwọ́ ni bíréèkì rẹ̀ wà."

"Bíréèkì ẹsẹ̀ ni mo béèrè. Gbogbo ọkọ̀ ló ń ní bíréèkì ẹsẹ̀."

"Gbogbo awakọ̀ kọ́ ló ń fi ẹsẹ̀ wa ọkọ̀, ọ̀gá."

Àwọn awakọ̀ tó ń dúró de tiwọn bú sẹ́rìn-ín. Ojú Táòfíkì le. "Mò ń bá ọ sọ̀rọ̀ ìjọba, ò ń dápàárá fún mi?" Ọmọ tí Zakari lè bí ló ń pè é ní "o" yẹn.

Mo ṣí fìlà. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá a lóhùn. Ẹ ṣàánú rẹ̀. Ṣé ẹ kò rí bó ṣe rí ni? Ẹni tí ayé ti fìyà jẹ, ẹ má fi tiyín kún un." Ẹnu mi yìí ló sọ ọ́, mo sì sọ ọ́ dáadáa, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé òbí àti olùkọ́. Zakari kọjú sí ògiri.

Ojú Táòfíkì rọ̀. "Nítorí irun funfun yín ni, bàbá. Ẹ so pẹ́dàlì kan mọ́ ọn kí n rí nǹkan tẹ̀, ọ̀rọ̀ bù ṣe."

Mo bi í pé kí ni pẹ́dàlì náà yóò so mọ́. Ó ní, "Ìyẹn ò kàn mí. Wẹ́dà wà lẹ́nu géètì."

Lóòótọ́, wẹ́dà kan wà lẹ́nu géètì tó kó pẹ́dàlì àlòkù jọ síwájú bí ẹni pàtẹ iṣu. Kò bi mí ní irú ọkọ̀ tí mo gbé wá. Ohun kan ṣoṣo tó béèrè ni pé, "Ti ìyẹ̀wò ni, àbí ti ìrìn?" Èmi tí mo kàwé gboyè, tí mo ti na ọmọ ọlọ́mọ nítorí pé ó jí ìdáhùn wò, mo ní ti ìyẹ̀wò ni. Inú mi tilẹ̀ ń dùn pé mo gbọ́n. Ó jó o mọ́ ìsàlẹ̀ ọkọ̀ Zakari níbi tó dúró sí. Zakari ń wò wá.

Táòfíkì wá, ó gbé bàtà lé pẹ́dàlì náà, ó tẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ẹn-ẹn, bíréèkì ti dé," ó sì na ọwọ́ sí òǹtẹ̀.

Zakari ní, "Ẹ má lù ú."

Mo fi ọwọ́ tọ́ ọ léjìká pé kó dákẹ́. Ó gbọn ọwọ́ mi dànù.

"Salimat ìyàwó mi ní ẹsẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́. Bí ara mi ò bá yá, òun ló ń wa ọkọ̀ yìí. Ọjọ́ tí ọmọdé bá já sí i lójú títì, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ sórí nǹkan tí ẹ jó mọ́ ọn yìí, kí ni yóò dá ọkọ̀ dúró?" Ó wá yíjú sí mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò ro ìyẹn."

N kò rò ó. Wallahi, n kò rò ó rárá. Zakari fà wọ abẹ́ ọkọ̀ rẹ̀, ó yọ ayùn irin nínú àpò, ó sì rẹ́ pẹ́dàlì náà bọ́ sílẹ̀. Ó jù ú sí wẹ́dà. "Gba ọjà rẹ. Oníbàárà mìíràn ń bọ̀."

Lẹ́yìn náà ló wí fún Táòfíkì pé, "Ọ̀gá, ẹ wá jókòó síbí. Ẹ ká ẹsẹ̀ yín sórí àga, kí ẹ wà á láti òkè ọgbà wá sísàlẹ̀. Bí kò bá dúró níbi tí ẹ bá fẹ́ kó dúró, ẹ gé e fún àwọn onírin."

Táòfíkì fẹ́ kọ̀, ṣùgbọ́n àwọn awakọ̀ ti yí wa ká. Ọ̀kan ní, "Ọ̀gá, ṣé ẹ̀rù ń bà yín ni?" Òmíràn ní, "Ẹ bá wọn ká ẹsẹ̀ o, ikùn ò jẹ́ kí wọ́n rí i!" Ni ọkùnrin yìí bá wọlé pẹ̀lú ìbínú, ó ká ẹsẹ̀ bí ọmọ ilé kéwú, ó sì bọ̀ láti òkè. Ògiri ọ́fíìsì rẹ̀ gan-an ló kọjú sí. Ó pariwo orúkọ Ọlọ́run, ó fa irin. Ọkọ̀ dúró gbọin, ògiri ṣì jìnnà. Fìlà rẹ̀ nìkan ni kò dúró.

Bó ṣe sọ̀ kalẹ̀, ó nu òógùn, ó wá ọ̀nà tí kò fi ní tẹ́. Ó gbé òǹtẹ̀ sókè kí gbogbo ènìyàn lè rí i. "Màá lù ú. Ṣùgbọ́n kí gbogbo yín gbọ́ pé nítorí bàbá yìí ni, ẹ̀bẹ̀ tó bẹ̀ ló jẹ́ kí àánú ṣe mí. Ó yá, dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ."

Zakari wò mí. Mo mọ ojú yẹn, Màmúdù. Mo rí i lọ́jọ́ tí a lọ tọrọ Salimat. Ọmọbìnrin ti gbà, àwọn òbí rẹ̀ ti gbà, ó kù kí wọ́n kí wa kú oríire. Èmi ni mo dìde láàárín àwùjọ tí mo ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fojú àánú wo àbúrò mi. Ta ló bi mí? Láti ọjọ́ náà ni àwọn ará ilé ìyàwó rẹ̀ kan ti ń pè é ní ọkọ àánú. Zakari sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi níṣojú gbogbo wọn, nítorí pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mí. Mo máa ń sọ pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Bẹ́ẹ̀ n kò jẹ́ kó ráyè sọ̀rọ̀ rí, kí n lè mọ̀ bóyá ó fẹ́ dákẹ́. Ìgbéraga mi ni mo ń pè ní àánú.

Bí mo bá pa ẹnu mọ́, òǹtẹ̀ á bọ́ sórí ìwé, Salimat á sì rí ọkọ̀ kó ata. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rí i tí Zakari ti ń la ẹnu láti dúpẹ́, n kò lè gbà á.

Mo ní, "Zakari, má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi." Mo wá wí fún Táòfíkì pé, "Ẹ̀bẹ̀ mi kọ́ ló dá ọkọ̀ dúró. Ìwọ lo wà á, ìwọ lo fa irin, ó dúró. Bí o bá máa lu òǹtẹ̀, lù ú nítorí pé ó dúró."

Ó sọ òǹtẹ̀ sínú àpótí tábìlì, ó tì í. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ padà wá ní Mọ́ńdè, kí n lọ wo ohun tí òfin wí."

Nínú kẹ̀kẹ́ tó gbé wa padà, n kò lè wo ojú Zakari. A ti ń sún mọ́ Ọjà-Ọba kó tó sọ̀rọ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ní Mọ́ńdè, ẹ dúró sílé." Mo ní mo ti gbọ́.

Ìyẹn nìyà tó jẹ mí jù. Mo mọ ẹnìkan tó mọ ilé Táòfíkì. Mo wọ bàtà láti lọ bẹ̀ ẹ́ ní bòókẹ́lẹ́, mo bọ́ ọ. Mo tún wọ̀ ọ́, mo tún bọ́ ọ. Salimat kọjá, ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, mo sì ń rò ó pé bóyá mo ti fi ẹnu mi gé ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ fún àwọn onírin.

Àná ni Mọ́ńdè. Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti àárọ̀. Kí wọ́n tó pe ìrun ọ̀sán ni mo gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì náà láti ìta. Nọ́ńbà tuntun wà níwájú rẹ̀, ó ń dán. Salimat wà lẹ́yìn láàárín àwọn àpò ata. Mo ti dìde, mo ti tún agbádá ṣe, mo ti ń to ọ̀rọ̀ tí n óò sọ. Zakari gbé ọwọ́ kan sókè kí mi, ó fun fèrè, ó sì kọjá lọ sí Ipata. Kì í ṣe pé bíréèkì rẹ̀ ò ṣiṣẹ́. Kò fẹ́ dúró ni.

N kò mọ ohun tó sọ fún Táòfíkì. Kò sí ẹni tó sọ fún mi, n kò sì tíì béèrè. Mo jókòó padà, mo rẹ́rìn-ín èmi nìkan.

Bá mi kí Lami, kó máa fi omi gbígbóná jó orúnkún náà. Kí àwọn ọmọ fún mi. Kí Ọlọ́run mú wa rí ààwẹ̀ yìí wọ̀, kó mú wa rí i já. Bí o bá fẹ́ kí Zakari kú oríire, òun ni kí o kọ̀wé sí, ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ipata. Má fi rán mi.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tó ń fi ọjọ́ ogbó kọ́ bí a ṣe ń dákẹ́,

Abdulwaris.