Yàrá Bàbá Yín Tí Mo Ṣí

Hussainat ọmọ mi,

Àlàáfíà kí ó bá ọ nílé tí o wà ní Amukoko, kí Ọlọ́run máa ṣọ́ àlọ rẹ sí Apapa àti àbọ̀ rẹ. Ara mi le, iṣu ta dáadáa, ewúrẹ́ dúdú sì ti bí ìbejì bíi tèmi.

Fíìmù kékeré tí ẹ ṣe ti dé ọwọ́ wa. Inú fóònù Àkànó ni mo ti wò ó, àbúrò bàbá yín tí wọ́n bí lójú mi nínú ilé yìí. Mo rí ọ nínú ilé ńlá kan ní Creek Road, níbi tí tirélà ti ń já ẹrù, o wọ léèsì, o so kọ́kọ́rọ́ rẹpẹtẹ mọ́ ìbàdí, mo sì pe àwọn ará ilé pé kí wọ́n wá wo ibi tí ọmọ tó ní yàrá kan lòun háyà ń gbé. Àfi bí bàbá arúgbó kan ṣe wọlé, tí wọ́n ní àwọn fẹ́ sùn ní ilé èrò yìí. O bínú, o ní ilé rẹ ni. Wọ́n bi ọ́ pé ta ló ń gbé ibẹ̀ kí o tó dé, o ní bàbá rẹ ni. Wọ́n bi ọ́ pé ta ló wà níbẹ̀ ṣáájú wọn, o ní bàbá wọn. Mo mọ̀ pé bàbá yín kò gbé Èkó rí, ṣùgbọ́n mi ò já ọ nírọ́ lójú àlejò. Ni bàbá náà bá ní: "Ilé tí ẹnì kan ń jáde, tí ẹlòmíràn ń wọlé, ṣé kì í ṣe ilé èrò nìyẹn?" O tú kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì, o sì bá tìrẹ lọ.

Ohun tó dùn mí ni pé Oghogho ọ̀rẹ́ rẹ tó ń ya fíìmù dúró ń wò yín, kò bu omi fún bàbá náà. Mo kí wọn, wọn ò dáhùn, mo gbà pé etí wọn ti di. Nígbà tó yá, gbogbo yín dúró gbagidi, nǹkan róbótó kan ń yí lójú yín. Àkànó ní dátà ló tán, mo ní kó jẹ́ kí ẹ sinmi. Nígbà tó tún fi hàn mí lọ́jọ́ kejì, bàbá náà tún padà wá béèrè ọ̀rọ̀ kan náà, ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé wọn ò tíì ríbi sùn. Àkànó ní eré ni. Mo ní ṣé ẹsẹ̀ rẹ kọ́ ni mo rí tó ń jáde?

Ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí n jókòó jẹ́ẹ́. O mọ̀ pé láti ìgbà tí a ti sin bàbá yín ni mo ti ti yàrá wọn pa. Nígbà tí òjò wó yàrá Àkànó, tí òun àti ìyàwó rẹ̀ olóyún ń sùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó bẹ̀ mí kí n ṣí i, mo kọ̀, a sì yan ara wa lódì títí fíìmù yín fi dé. Mo wá bi ara mi pé ta ló ni yàrá yẹn ṣáájú bàbá yín. Bàbá wọn ni, bàbá Àkànó náà sì ni. Mo ṣí i. Agbádá wọn ṣì wà lára ìṣó, òórùn wọn ṣì wà lára rẹ̀. Mo sunkún títí ó fi tẹ́ mi lọ́rùn, mo gbálẹ̀, mo ní kí ìyàwó Àkànó gbé ẹní rẹ̀ wọlé. Mo pín aṣọ wọn, àfi fìlà kan. Ìyẹn wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi, má sọ fún bàbá inú fíìmù.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Àkànó wúkọ́ nínú yàrá náà, ikọ́ bàbá yín gan-an. Mo ti kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà láti kí wọn kí n tó rántí. Ó ṣílẹ̀kùn, ó bá mi lórí ìkúnlẹ̀, òun náà dọ̀bálẹ̀. Ẹkún la jọ ń sun.

Ìyàwó rẹ̀ ti bí obìnrin. Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún àgbò ìsọmọlórúkọ àti páànù òrùlé yàrá Àkànó tó wó. Má fi sí báńkì, mo gbọ́ pé wọ́n ń tì lọ́jọ́ Sátidé, ọjọ́ yẹn gan-an ni mo sì máa ń náwó.

Ọlọ́run á fún ọ ní ilé tó tóbi ju ti Creek Road lọ, kò sì ní jẹ́ kí ọwọ́ rẹ wúwo láti ṣílẹ̀kùn rẹ̀ fún èèyàn.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àsíátù.